Ẹ̀rọ tí Ń Sọ Òǹkà di Ohùn

Ní apá gúúsù ìlú London, ní òdìkejì odò Thames, ọmọ Ìbàdàn kan wà tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àtúnṣe tẹlifóònù. Ọdún 1977 ni ó gúnlẹ̀ sí ìlú náà láti wá kẹ́kọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni ó ti gbéyàwó, ibẹ̀ ni ó ti bímọ, ibẹ̀ náà ni ewú ti bò ó lórí. Bí ènìyàn bá wọ iyàrá àlejò rẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ fà á lójú ni àpótí igi kan tí ó wà lórí tábìlì ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ìgò kékeré méjì yọrí ní òkè àpótí náà. Bí a bá tan iná sí i, inú àwọn ìgò náà a máa pọ́n rúsúrúsú bí ẹyín iná tí eérú bò. Kì í ṣe rédíò, kì í sì í ṣe giramafóònù. Ọkùnrin náà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọdún mẹ́ta gbáko ni ó sì fi ṣe é. Ìdí tí ó fi ṣe é, àti ohun tí ó rí gbà nídìí rẹ̀, yẹ ní gbígbọ́.

Ìyá ọkùnrin yìí kò mọ ìwé. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ lọ sí òkè òkun, lẹ́tà kíkọ di ìṣòro fún un, nítorí ẹni tí ó bá bá a kọ ọ́ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ àṣírí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bá sì sọ ní gígùn, akọ̀wé a gé e kúrú. Ní ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Yorùbá a máa gba ohùn wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọn a sì fi rán ẹni tí ó bá ń lọ sí ìdálẹ̀. Ìyá náà ṣe bẹ́ẹ̀. A jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ọmọdékùnrin kan tí ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ a tẹ ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀. Ìyá a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ wà ní iwájú rẹ̀. A kí i, a kì í ní oríkì, a bi í bí ó bá ti jẹun, a bi í bí òtútù ibẹ̀ kò bá pọ̀ jù, a sì dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tí ń retí èsì. Kásẹ́ẹ̀tì márùn-ún ni ó fi ránṣẹ́ láàrin ọdún 1978 sí ọdún 1981. Ní ọdún 1982, ìyá náà jáde láyé. Ọmọ rẹ̀ ń múra ìdánwò àṣekágbá lọ́wọ́ nígbà náà, nítorí náà àwọn ará ilé kò tètè sọ fún un. Ìgbà tí lẹ́tà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi dé ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ti sin òkú tán.

Kásẹ́ẹ̀tì márààrún ni ọkùnrin náà tọ́jú sínú agolo bísíkíìtì kan. Bí ó bá kó kúrò ní ilé kan lọ sí òmíràn, agolo náà a máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì kì í ṣe òkúta. Ọ̀já ike tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀, tí a fi lẹ́búlẹ́bú tí ó dà bí ìpẹtà irin kùn lára. Ara lẹ́búlẹ́bú yìí ni ohùn fara pamọ́ sí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀já náà lè gbó, ó lè nà, ó sì lè já. Nítorí náà, ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin gba àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi wọ́n sínú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kó ohùn inú wọn sínú kọ̀ǹpútà. Ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá ju ìkíni àti orúkọ oúnjẹ lọ. Kò lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí. Nítorí náà, ó jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan máa yí títí ó fi dúró fúnra rẹ̀. Ohun kékeré yìí di ohun ńlá nígbà tí ó yá.

Báwo ni ohùn ènìyàn ṣe lè wọ inú kọ̀ǹpútà, nígbà tí ó jẹ́ pé òǹkà nìkan ni kọ̀ǹpútà mọ̀? Bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ a máa mì, bí omi odò ti ń mì nígbà tí a bá sọ òkò sí i. Ẹ̀rọ a máa wọn gíga ìgbì yìí léraléra. Lórí àwo CD, tí ilé iṣẹ́ Philips ti ilẹ̀ Nẹ́dálándì àti ilé iṣẹ́ Sony ti ilẹ̀ Japan jọ ṣe, tí ó sì dé ọjà ní ọdún 1982, ìgbà 44,100 ni a ń wọ̀n ọ́n láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ní gbogbo ìgbà tí a bá wọ̀n ọ́n, a ó kọ òǹkà kan sílẹ̀, èyí tí a mú láàrin òǹkà 65,536. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Alec Reeves, tí ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Paris, ni ó ronú kan irú ọ̀nà báyìí ní ọdún 1937, kí ọ̀rọ̀ inú tẹlifóònù má baà bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé òǹkà kì í gbó. Bí a bá dà á kọ ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, 7 ni 7 yóò máa jẹ́.

Ṣùgbọ́n òǹkà kì í sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè gbé etí sí 7 kí ó sì gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Dandan ni kí ẹ̀rọ kan wà láàrin tí yóò ka àwọn òǹkà náà, tí yóò sì sọ wọ́n di iná mànàmáná tí ń lọ sókè sódò, kí sípíkà lè fi iná náà mi afẹ́fẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹnu ènìyàn ti mì í ní àkọ́kọ́. Nítorí pé iṣẹ́ ògbufọ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe láàrin kọ̀ǹpútà àti etí, ògbufọ̀ ni ọkùnrin inú ìtàn yìí ń pè é.

Gbogbo kọ̀ǹpútà tí ń fọhùn ni ó ní ògbufọ̀ tirẹ̀ nínú, a sì lè rí èyí tí kò tóbi ju ẹ̀wà lọ. Ní ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà parí iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà síwájú baba rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ohùn náà jáde. Baba náà tẹ́tí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì fa ojú ro. Ohùn náà fẹ́lẹ́, bí ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti inú agolo. Ó ní, “Ìyá mi kọ́ nìyí. Ohùn ìyá mi kí, a máa kún inú ilé ni.” Ó dá ògbufọ̀ kékeré inú kọ̀ǹpútà lẹ́bi, ó sì pinnu ní ọjọ́ náà pé òun yóò fi ọwọ́ ara òun kan èyí tí ó yẹ ohùn ìyá òun, fáàfù ni yóò sì wà nínú rẹ̀.

Ìpinnu yìí kò ṣẹ̀yìn ìgbà èwe rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1965, nígbà tí ó wà ní ilé-ìwé, a máa lo àkókò ìsinmi lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ń tún rédíò ṣe ní Òkè-Àdó ní ìlú Ìbàdàn. Púpọ̀ nínú rédíò tí wọ́n ń gbé wá fún ọ̀gá yìí ni ó tóbi bí àpótí aṣọ, fáàfù ni ó sì ń mú wọn sọ̀rọ̀. Ìgò tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde ni fáàfù. Wáyà kan wà ní àárín rẹ̀ tí ń gbóná, tí ń mú kí iná mànàmáná fò lọ bá irin pẹlẹbẹ kan tí ó yí i ká. Láàrin àwọn méjèèjì ni wáyà mìíràn wà tí ó dà bí àsẹ́. Òun ni onílẹ̀kùn. Ohùn tí kò lágbára tí ó bá kan àsẹ́ yìí a máa ṣí ọ̀nà fún iná tí ó pọ̀, a sì tún máa dí i, tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn kékeré fi ń di ohùn ńlá. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Ambrose Fleming ni ó gba ìwé àṣẹ fún fáàfù àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1904. Ní ọdún 1906, Lee de Forest ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi onílẹ̀kùn kún un. Nígbà tí tiransísítọ̀, tí ó kéré tí kì í sì í gbóná bẹ́ẹ̀, jáde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1947, fáàfù bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀ kò kú. Títí di òní, àwọn kan wà tí ìró rẹ̀ dùn mọ́ létí ju ti ẹ̀rọ mìíràn lọ.

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìgbà òtútù ọdún 2017 bí ẹni tí ó mọ ohun gbogbo tán, ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní ni iṣẹ́ náà ti kọ́ ọ ní ìrẹ̀lẹ̀. Fún kíka òǹkà, ó yan ẹ̀yà ẹ̀rọ dúdú kan tí ń jẹ́ TDA1541A, tí ilé iṣẹ́ Philips ṣe fún ẹ̀rọ CD ní àwọn ọdún 1980. Ẹsẹ̀ 28 ni ó ní. Iná oríṣi mẹ́ta ni ó ń jẹ: fólítì 5, fólítì 5 tí a yí ojú rẹ̀ padà, àti fólítì 15 tí a yí ojú rẹ̀ padà bákan náà. Kàpásítọ̀ kéékèèké 14 ni yóò sì yí i ká, bí àwọn ìjòyè ti ń yí ọba ká, kí iṣẹ́ rẹ̀ tó lè gún. Ọkùnrin náà kánjú, ó so wáyà fólítì 15 ní òdìkejì, ó sì tan iná. Láìpẹ́, òórùn burúkú gba iyàrá kan. Ẹ̀yà ẹ̀rọ náà ti jóná. Wọn kò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ó fi wá òmíràn kí ó tó rí i nínú ẹ̀rọ CD àlòkù kan tí ó ti bàjẹ́. Láti ìgbà náà, kò tún tan iná sí ohunkóhun láìṣe pé ó ti fi ìka tọ ọ̀nà wáyà kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ohun tí TDA1541A ń mú jáde kò tó nǹkan rárá. Nítorí náà ni fáàfù fi wọ inú iṣẹ́ náà. ECC82 méjì ni ó rà, tí wọ́n ṣe ní ìlú Blackburn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1960, ọ̀kan fún sípíkà ọ̀tún, ọ̀kan fún sípíkà òsì. Fáàfù kọ̀ọ̀kan yóò sọ ohùn náà di nǹkan bí ìlọ́po 14. Ṣùgbọ́n ohun tí fáàfù ń jẹ kì í ṣe fólítì 5 tàbí 15. Fólítì 250 ni ó nílò, iná tí ó lè pa ènìyàn.

Ibẹ̀ ni ewu ti dé, ní ìgbà òtútù kejì. Nínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kàpásítọ̀ ńlá a máa gba iná pamọ́ bí àmù ti ń gba omi. Bí a bá tilẹ̀ fa wáyà yọ kúrò lára ògiri, iná lè wà nínú àmù yìí fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀gá Òkè-Àdó mọ èyí; a máa kìlọ̀ fún àwọn ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ fọwọ́ kan inú rédíò fi ọwọ́ òsì sínú àpò, kí iná má baà rí ọ̀nà láti ọwọ́ kan dé ọwọ́ kejì gba àyà kọjá, nítorí inú àyà ni ọkàn wà. Ọkùnrin náà rántí ìkìlọ̀ yìí dáadáa, ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí oorun ń kùn ún, ó fa wáyà yọ, ó gbàgbé àmù, ó sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àpótí. Ohun tí ó mọ̀ kò ju pé ó bá ara rẹ̀ ní ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, tí apá rẹ̀ kú tipiri, tí àyà rẹ̀ sì ń lù kìkì. Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé. Nígbà tí ó rí i pé kò kú, ó dúró, ó wò ó, ó sì wí pé, “Bàbá wọn, ẹni tí ẹ ń wá ohùn rẹ̀ yìí kò ní fẹ́ kí ẹ wá bá òun ní ọ̀nà báyìí o.” Oṣù méjì ni wọ́n fi ti àpótí náà mọ́ inú àká. Nígbà tí ó tún gbé e jáde, ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe ni pé ó so rẹsísítọ̀ kan mọ́ kàpásítọ̀ ńlá náà, èyí tí yóò máa tú iná inú rẹ̀ dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí a bá ti pa ẹ̀rọ. Kì í sì í fọwọ́ kàn án mọ́ láìfi ìwọ̀n iná wò ó bóyá ó ti gbẹ.

Ní ìgbà òtútù kẹta, ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì tan án. Fáàfù méjèèjì pọ́n. Ṣùgbọ́n kí ohùn ìyá tó jáde, ìkùn ni ó kọ́kọ́ jáde, hùùùn, bí ìgbà tí oyin bá pọ̀ nínú ihò igi. Iná ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ti ilẹ̀ Nàìjíríà, a máa lọ, a sì máa bọ̀ ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró ìlọ àti ìbọ̀ yìí ni ó wọ inú ọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ra kàpásítọ̀ tí ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìkùn kò lọ. Ó pààrọ̀ fáàfù. Ìkùn kò lọ. Ní ìkẹyìn, ó pa owó níná tì, ó mú tákàdá, ó sì ya ọ̀nà tí wáyà kọ̀ọ̀kan ń gbà. Nígbà náà ni ó rí i pé wáyà ilẹ̀ ní ọ̀nà méjì láàrin àpótí rẹ̀ àti áńpílífáyà, àwọn ọ̀nà méjèèjì sì pàdé bí okùn tákúté, ìkùn sì ń kó sínú rẹ̀ bí ẹran. Ó já ọ̀kan. Ó kó gbogbo wáyà ilẹ̀ inú àpótí lọ sí ojú kan ṣoṣo. Ó sì lọ́ wáyà méjèèjì tí ń gbé iná lọ fún fáàfù pọ̀ mọ́ ara wọn bí ẹni ń ṣe okùn. Ìkùn náà kú. Ohun tí owó kò lè lé jáde, àròjinlẹ̀ ni ó lé e.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ọkùnrin náà pe ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ jókòó. Ó yan kásẹ́ẹ̀tì karùn-ún, èyí tí ó dé ní ọdún 1981. Ohùn ìyá náà jáde, ó kí, ó dúró ṣinṣin láàrin sípíkà méjèèjì bí ẹni tí ó jókòó sórí àpótí ìjókòó ní iyàrá náà. Ìyàwó rẹ̀, tí kò fojú kan ìyá ọkọ rẹ̀ rí, ti kúnlẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí òun ń ṣe. Wọ́n gbọ́ ìkíni, wọ́n gbọ́ oríkì, wọ́n gbọ́ ìbéèrè nípa oúnjẹ àti òtútù. Lẹ́yìn náà, ìyá wí pé, “Ó dàbọ̀ o, ọmọ mi.”

Ibí yìí ni ọkùnrin náà ti máa ń pa ẹ̀rọ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ní ọdún 1981, akẹ́kọ̀ọ́ ni. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìyá bá ti dágbére, ó ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yìí, kò lè dìde kúrò níbi tí ó jókòó. Ẹ̀rọ ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni ìró ọ̀já kásẹ́ẹ̀tì tí ń dún ṣìì, àti adìyẹ kan ní òkèèrè. Lẹ́yìn náà, ohùn ọmọdékùnrin kan dún ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́:

“Ìyá, ẹ kò sọ ti ẹsẹ̀ yín fún wọn.”

Ohùn ìyá sì dáhùn láti ibi tí ó jìnnà díẹ̀ sí ẹ̀rọ: “Dákẹ́, má dá a sọ. Bí ó bá gbọ́ pé n kò lè rìn mọ́, yóò pa ìwé tì, yóò sì padà wá ilé. Jẹ́ kí ó ṣe tán ná.” Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ṣé o ti pa nǹkan yẹn?”

Lẹ́yìn èyí, ìró kékeré kan dún, ó sì parí.

Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin náà rí omi lójú baba rẹ̀, ó sì bi í léèrè ohun tí ìyá àgbà sọ. Baba náà bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó túmọ̀ ẹsẹ̀, ó túmọ̀ ìwé, ó túmọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé orí “Jẹ́ kí ó ṣe tán ná,” ọ̀rọ̀ kékeré tí ó kẹ́yìn yẹn dá a dúró. Sùúrù wà nínú “ná” yìí, ìrètí wà nínú rẹ̀, ẹni tí ń sọ ọ́ sì mọ̀ pé ọjọ́ òun lè má tó. Kò rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó lè gbé gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó na ọwọ́ sí àpótí, ó sì wí pé, “Ẹ wo iṣẹ́ tí fáàfù ṣe! Bí kì í bá ṣe ẹ̀rọ yìí, n kì bá tí gbọ́ ọ títí láé.” Ọmọ rẹ̀ kò jiyàn. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó wá ohùn kan náà nínú rẹ̀, ó sì fi gbohùngbohùn etí tí kò ju owó oúnjẹ ọjọ́ kan lọ bọ baba rẹ̀ létí. Ọ̀rọ̀ ìyá náà wà níbẹ̀, láìku ẹyọ kan.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn méjèèjì ṣe ìdánwò tòótọ́. Ọmọ náà da aṣọ bo àpótí fáàfù àti ògbufọ̀ kékeré kan tí a ń tà ní ọjà, ó so àwọn méjèèjì mọ́ sípíkà kan náà, ó sì fi ẹ̀rọ wọn ìró wọn kí wọ́n lè dọ́gba, nítorí pé èyí tí ó bá fi díẹ̀ ròkè ni etí a máa rò pé ó dára jù. Ìgbà 10 ni ó yí wọn padà láìjẹ́ kí baba rẹ̀ rí ọwọ́ rẹ̀. Baba mọ̀ ọ́n ní ìgbà 6, ó sì ṣì í ní ìgbà 4. Ẹni tí ó bá ń ta owó ẹyọ sókè lè rí bẹ́ẹ̀ gbà. Kì í ṣe pé fáàfù kò ṣe nǹkan kan; a máa fi adùn díẹ̀ kún ìró, ṣùgbọ́n adùn náà kéré níwájú ìró ṣìì àti àléébù tí ó ti wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀. Ohùn inú agolo tí ó gbọ́ ní ọdún 2016 kò sì wá láti ọ̀dọ̀ ògbufọ̀ rárá; sípíkà kóńkóló inú kọ̀ǹpútà ni kò lẹ́nu tí ó tó láti fi sọ ọ̀rọ̀ ìyá náà.

Ẹlòmíràn ìbá bínú pé òun fi ọdún mẹ́ta ṣòfò. Ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé òtítọ́ ni ọmọ òun sọ, ó sì mọ̀ pẹ̀lú pé ọdún mẹ́ta náà kò ṣòfò. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ti wà nínú kásẹ́ẹ̀tì láti ọdún 1981. Ẹ̀rọ tí ó kéré jù lọ ní ilé ìbá ti sọ ọ́ fún un, bí ó bá ní sùúrù láti jókòó dé òpin. Ẹ̀rọ kọ́ ni ó yí padà. Etí rẹ̀ ni. Ẹni tí ó ti tọ ọ̀nà wáyà kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mejì, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ òru tẹ́tí sí ìkùn tín-ín-rín, kò lè dìde mọ́ nígbà tí wọ́n bá wí pé ó dàbọ̀.

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí òwe bí òwe ni à ń lu àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Láàrin gbogbo òǹkà 65,536, kò sí ọ̀kan tí ó mọ̀ pé ìyá kan ń fi ìrora pamọ́ nítorí ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. TDA1541A kà wọ́n láìmọ̀, fáàfù gbé wọn ga láìmọ̀, ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ sì gbà wọ́n sílẹ̀ láìmọ̀, nítorí pé kò gbọ́ èdè. Ẹni tí ó gbọ́ èdè, tí ó sì dúró gbọ́ ọ, ni ògbufọ̀ tí ó kẹ́yìn.

Láti ìgbà náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ọmọbìnrin náà a máa wá jókòó ti baba rẹ̀ láti kọ́ Yorùbá. Kásẹ́ẹ̀tì márààrún ni ìwé wọn. Bí wọ́n bá dé ibi tí ìyá àgbà ti dágbére, ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í dìde. Wọn a jẹ́ kí ẹ̀rọ máa lọ títí ó fi dúró fúnra rẹ̀.